Orí Kẹfà: Ìka Títẹ̀ Nìkan Kọ́ Ni Ìfọwọ́sí

Àpò kòkó tó bá máa ti Ẹmùrẹ́ tàbí Ìsẹ̀ ní gúúsù Èkìtì dé èbúté Amsterdam kò ní lè dá lọ mọ́. Ẹ̀rí kan ní láti bá a lọ, ẹ̀rí tí kò sí lórí pépà rárá: àmì ibi tí oko tó so kòkó náà wà lórí ilẹ̀ ayé, èyí tí fóònù gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ṣe òfin yìí ní 2023. Ohun tó wí ni pé kòkó, kọfí, rọ́bà, epo pupa, sóyà, igi gẹdú àti màlúù tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì yí ààlà rẹ̀ ká. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àmì kan ṣoṣo tó o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò mú síwájú, ó sì ti di òpin ọdún 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó kò lè dúró de ọjọ́ yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ kòkó káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, aṣojú wọn ń gbé fóònù wọ oko, ó ń rìn yí ààlà ká, ó ń gba orúkọ, ó ń gba nọ́ńbà fóònù, nígbà mìíràn ó ń ya àwòrán ojú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àgbẹ̀ á tẹ̀ka, iṣẹ́ parí.

Òfin Nàìjíríà náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa ìka yẹn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni. Òfin náà ní ẹni tó bá ń wá ìyọ̀ǹda láti kó àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn jọ gbọ́dọ̀ fi èdè tó ṣe kedere tí kò lọ́jú pọ̀ bi í, ní ọ̀nà tí onítọ̀hún lè lóye. Ó ní ẹni tí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ lè béèrè ohun tí wọ́n kọ, ó lè ní kí wọ́n tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe, ó sì lè gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Òfin tó dára ni. Ẹ wá wo ibi tó ti máa wúlò jù lọ. Ìsẹ̀ ní igbó ọba, ọ̀kan lára àwọn ibi díẹ̀ tí ìnàkí ṣẹ́ kù sí ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, oko kòkó sì pọ̀ ní àgbègbè rẹ̀. Kòkó tí wọ́n gbìn sábẹ́ ìbòòji igi ńlá, bí àwọn baba wa ṣe ń gbìn ín, lè jọ igbó lójú sátẹ́láìtì tó ń wò ó láti òkè. Àríwísí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ṣe sí àwọn máàpù igbó tí wọ́n ń lò. Bí máàpù bá pe oko ẹni ní igbó, tàbí tí àmì ààlà bá yẹ̀ díẹ̀ wọ inú igbó ọba, kòkó onítọ̀hún di ọjà tí oníbàárà ń sá fún. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ dájú pé irọ́ ni máàpù pa ni àgbẹ̀ tó tẹ̀ka. Òun náà sì ni kò rí máàpù náà kà.

Bí ènìyàn bá dárúkọ ìṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì, òkè ni ojú gbogbo wa máa ń lọ. Ìpàdé àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 2003 àti ní Tunis ní 2005 ló fẹnu kò pé ìjọba, ilé-iṣẹ́ aládàáni àti ẹgbẹ́ ará ìlú ni yóò jọ máa gbé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Àpérò ọdọọdún tó jáde láti inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Athens ní 2006. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Àjọ kan wà tó ń bójú tó orúkọ àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, òmíràn wà nílé tó ń bójú tó àwọn tí orúkọ wọn parí sí .ng. Gbogbo èyí ṣe pàtàkì, n kò sì ní fojú tín-ínrín wò ó. Ṣùgbọ́n àga mẹ́ta tí wọ́n tẹ́ ní Tunis yẹn, ta ló ń jókòó sí ẹ̀kẹta fún àgbẹ̀ Ẹmùrẹ́? Ohun tí orí yìí ń jà fún ni pé kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà jẹ́ ara ìṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú tí wọ́n máa ń rántí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lágbàáyé. Ẹ̀tọ́ tí ẹni tó ni ín kò lè kà, ẹlòmíràn ni yóò máa lò ó fún un, bó bá sì ti wu ẹni yẹn ni yóò ṣe lò ó.

Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ ní ìtàn kan tó yẹ ká fi wé èyí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ọ̀gògà, ọba Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé rù ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti Ìlú Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ rà á. Ọ̀gògà kò tà á. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní Ìlú Ọba, kí òun fi ilẹ̀kùn ṣe pàṣípààrọ̀. A lè jiyàn títí di òní lórí bóyá pàṣípààrọ̀ yẹn bára mu, nítorí ilẹ̀kùn náà kò padà wálé mọ́. Síbẹ̀ ọba náà mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun àti ohun tí wọ́n ń tọrọ, ó ní àyè láti kọ̀, ó sì ní àyè láti sọ iye tí òun ń fẹ́. Ojú fóònù kò fúnni ní àyè ìdúnàádúrà kankan. «Mo gbà» ló wà níbẹ̀, bí o kò bá gbà, ìwọ nìkan lo máa wà níta.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, pé ẹni tí kò rí iná tan kì í béèrè irú fìtílà tó ń fẹ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ìjọba Èkìtì lábẹ́ Káyọ̀dé Fáyẹmí já owó àṣẹ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san láti ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ títì wálẹ̀ láti ₦4,500 sí ₦145 fún mítà kan. Ìpinnu gidi nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó lówó ju Èkìtì lọ kò tètè ṣe irú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé kí íntánẹ́ẹ̀tì tó yára dé ọ̀dọ̀ 70 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí ọdún 2025 tó parí. Nǹkan bí ìdajì ni ọwọ́ tẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 kan náà ni wọ́n fàyè gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láti fi tó ìdajì kún owó tí wọ́n ń gbà. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ òpó àti détà ti yanjú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin ọdún 2022. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù tí wọn kò bá so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, má lè pe ènìyàn mọ́; ìlà tó ju mílíọ̀nù 70 lọ ni àṣẹ náà bá. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ní ìdúró rẹ̀, owó wà lórí ìlà àwọn kan. Òfin ló ti ilẹ̀kùn. Bákan náà, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá pínpín owó ìrànwọ́ àwọn tálákà dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 láti tún un tò, ohun tó jáde ni pé ẹni tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, owó á sì gba inú báńkì tàbí fóònù wọlé. Mo fara mọ́ ọn pé èyí lè dín olè kù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, àtijẹ ìyá àgbà kan ti wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò bẹ ẹlòmíràn kó bá òun kà.

Ẹnìkan á ní, ní Èkìtì kẹ̀? Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń bí ọ̀jọ̀gbọ́n bí ẹni bí ìbejì, níbo ni aláìmọ̀wé ti fẹ́ wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún tó ṣáájú sí ohun tó lé ní 811,000. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọlé lọ́jọ́ náà ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn tó dàgbà jù ú lọ tí wọn kò wọlé, wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa, àwọn ló sì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Àwọn tó wọlé tí wọ́n tún já ní kíláàsì kẹta wà, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ oko tó ti ilẹ̀ Ẹbira àti Tiv wá, tí wọ́n ń ṣán oko kòkó ní àgbègbè yìí, wà pẹ̀lú. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n Èkìtì kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìṣirò UNESCO fún 2018 ni pé 62 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ló mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà: ọkùnrin 71, obìnrin 53. Èkìtì sàn ju èyí lọ, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà fi irú ènìyàn kan pa mọ́ tó pọ̀ ní gúúsù Èkìtì: ìyá tó ń ka Bíbélì Yorùbá láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, tó ń ka ìwé orin láìsí gíláàsì, tí kò sì lè mọ̀ bóyá báńkì sọ pé owó wọlé ni tàbí pé owó jáde. Òǹkàwé ni ìyá yẹn. Fóònù ló sọ ọ́ di aláìmọ̀wé, nítorí àwọn tó ṣe ètò fóònù rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ènìyàn ń kà.

Ibi tí àtakò tó lágbára jù ti ń bọ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n ní ayé ìwé ti ń kọjá lọ: Yorùbá jẹ́ èdè ẹnu, ohùn la fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀rọ sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ó sì ń dáhùn. Kí ló dé tí a ó fi máa kọ́ ẹni àádọ́rin ọdún ní a-b-d? Mi ò kọ ohùn. Rédíò ti ṣe fún ará oko ohun tí ìwé ìròyìn kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ohùn dára fún ìròyìn ju àdéhùn lọ. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ti lọ, a kò lè fi ìka sórí ìlà kẹrin rẹ̀ ká ní «èyí ni mi ò gbà». Nọ́ńbà àṣírí báńkì kò ṣeé kà sókè ní ọjà. Ẹni tó bá ń bẹ ọmọ aládùúgbò tàbí oní-POS kó bá òun wo fóònù ti fi àṣírí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, bí ọmọ náà bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí. Àwọn oníjìbìtì kò sì wá ibòmíràn wọlé ju ibi tí ènìyàn ti ń bẹ ẹlòmíràn kà. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ti lè fara wé ohùn ọmọ ẹni, ohùn nìkan kò ṣeé gbára lé mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè náà tún wà níbẹ̀: Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jù, ẹni tó bá ń pe ilé ní «ulé» láti àárọ̀ dalẹ́ á kọ́kọ́ yí ohùn padà kí ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ. Kí ohùn máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Kó má wulẹ̀ di àwáwí fún àìkọ́ni.

Àtakò mìíràn wà tó le ju ìyẹn lọ, nítorí ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n ní ẹ̀kọ́ àgbà kì í yọrí sí rere. UNESCO gbìyànjú rẹ̀ lágbàáyé lẹ́yìn ìpàdé Tehran ọdún 1965, ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlá, tí Mali àti Guinea wà nínú wọn. Nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan tó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bí 120,000 ló mọ̀ọ́kà débi tí wọ́n lè lò ó. Ààrẹ Shagari náà ṣí ìpolongo ọlọ́dún mẹ́wàá ní 1982. Ọdún mẹ́wàá pé, aláìmọ̀wé ṣì wà rẹpẹtẹ, wọ́n sì ti dá àjọ àpapọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan náà ní 1990. N kò ní fi èyí pa mọ́. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àgbàlagbà kì í dúró ní kíláàsì tí ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ kò bá wúlò fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Mali rí èyí, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n dá Kibaru sílẹ̀ ní 1972, ìwé ìròyìn ní èdè Bambara fún àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ọ́kà, kí ohun tí wọ́n kọ́ má bàa fò lọ. Ẹ̀rí tó sún mọ́ tiwa jù wá láti Niger. Láti 2009, Jenny Aker, Christopher Ksoll àti Travis Lybbert bá àjọ aláàánú kan ṣiṣẹ́ ní abúlé 113. Gbogbo abúlé ló gba ẹ̀kọ́ àgbà kan náà, ní Hausa tàbí Zarma. Ní ìdajì wọn, wọ́n fi fóònù kékeré olówó pọ́ọ́kú kún un, ẹyọ kan fún ènìyàn márùn-ún, wọ́n sì kọ́ wọn bí a ti ń wá nọ́ńbà àti lẹ́tà lórí rẹ̀, bí a ti ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn tó lo fóònù ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìwé kíkà àti ìṣirò, pẹ̀lú 0.19 sí 0.25 lórí òṣùwọ̀n ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíláàsì parí tí oṣù bíi méje kọjá, àǹfààní náà kò tíì ṣá, pàápàá nínú ìṣirò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ìwé kíkà ní ibi tó ń gbé lẹ́yìn tí tíṣà ti lọ sílé. Ìlò nìkan ló lè gba ìmọ̀ àgbàlagbà lọ́wọ́ ìgbàgbé, fóònù sì ti wà lápò wọn tẹ́lẹ̀.

Èdè wo wá ni kí kíláàsì náà fi kọ́ni? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní èsì ìdánwò ló fi hàn pé ìlànà náà ń ṣèpalára. Ó yà mí lẹ́nu pé a gbàgbé Ilé-Ifẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Lóòótọ́, ọmọdé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ní ọdún púpọ̀ níwájú bá jàǹfààní nínú bíbẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó gbọ́, kí la fẹ́ sọ fún àgbàlagbà tó ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀? Kó fi ọdún mẹ́ta kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ̀ pé wọ́n ń jí owó rẹ̀ kó? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi mẹ́wàá tó wà lórí fóònù, bíi debit, credit àti PIN, a lè kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ àmì ojú títì. Ìyókù, Yorùbá ni.

Àwọn ilé-iṣẹ́ á ní kò rọrùn láti fi Yorùbá ránṣẹ́. Ibí yìí la ti máa rí i pé ìlànà tí wọ́n ṣe nínú yàrá kan ní Yúróòpù lè dé ọjà Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ GSM, wọ́n yan àwọn lẹ́tà tí yóò wà nínú rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá lo àwọn lẹ́tà yẹn nìkan lè gba 160. Lẹ́tà «è» wà níbẹ̀, «ò» wà níbẹ̀, nítorí Faransé àti Ítálì ń lò wọ́n. «Ẹ», «ọ» àti «ṣ» kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á yí sí ètò mìíràn tí kò gbà ju 70 lọ. Ìyẹn ni pé báńkì tó bá kọ Yorùbá bó ṣe yẹ á san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi ẹyọ kan sọ. Lórí kọ̀ǹpútà náà, «ẹ̀» kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò Unicode bí «é» ti ní. A ní láti fi àmì lé «ẹ» lórí, ìdí nìyẹn tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ tàbí tó ń di àpótí òfìfo lórí àwọn fóònù kan. Kò sí ẹni tó gbìmọ̀ láti fi ìyà jẹ Yorùbá; a kò kàn sí níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ṣe, ènìyàn lè tún un ṣe. Turkey lọ bá àwọn tó ń ṣe ìlànà náà, wọ́n sì fi àtẹ lẹ́tà Turkish kún ìlànà àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Hindi, Tamil, Urdu àti àwọn èdè Íńdíà mìíràn rí tiwọn gbà lẹ́yìn náà. Yorùbá, Hausa àti Igbo kò tíì ní. Ọdọọdún ni a ń ṣe àpérò ìṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà; ìbéèrè tí mo bá ní kí wọ́n fi síwájú nìyí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ronú.

Ní báyìí ná, ẹ wo ohun tí àwọn aláṣẹ ti ṣe fún oníbàárà. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti sọ àwọn nọ́ńbà kúkúrú di ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì: *310# láti wo owó tó kù, *996# láti so NIN mọ́ síìmù. Ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó bá sú lè fi ọ̀rọ̀ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ fóònù bá rẹ́ jẹ lè pe 622 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tọ́ gidi ni wọ́n, wọn kò sì nílò détà. Nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ wọn, ìṣirò sì ni ìyá ọlọ́jà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ lẹ́tà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì àgbà ní Ẹmùrẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí, láìní ìwé a-b-d kankan: àláàtì báńkì, òǹkà àpò kòkó, nọ́ńbà mọ́kànlá ti NIN, ìkìlọ̀ pé kí a má fi nọ́ńbà àṣírí han ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ yẹn lónìí, fún ẹni tí ewu rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ta ni yóò sanwó? Owó ti wà. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní USPF, tí ara owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń san fún NCC ń wọ inú rẹ̀, kí iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ lè dé ibi tí èrè kò sí. Òpó, kọ̀ǹpútà ilé-ìwé àti ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ná púpọ̀ lé lórí. Bí èròjà bá dé tí olùlò kò sí, iṣẹ́ kò tíì dé. Ó yẹ kí tíṣà àgbà wà lára ohun tí àpò náà ń san fún. Àwọn tíṣà náà kò jìnnà. Ìkẹ́rẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni láti 1977, ó sì ti di yunifásítì tí wọ́n fi sọrí Bámidélé Olúmilúà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń jáde lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Kò sí òfin tó ní ọ̀dọ̀ ọmọdé nìkan ni kí wọ́n lọ. Èmi ò ní fi dandan lé e pé kí àgbàlagbà gba ìwé ẹ̀rí. Ìdánwò kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ka fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń tẹ̀ka sí. Àwọn nọ́ọ̀sì mọ ọ̀nà yìí. Wọ́n máa ń ní kí aláìsàn tún bó ṣe máa lo oògùn sọ kó tó lọ sílé. Aṣojú kòkó tó bá kọ̀ láti dúró gbọ́ àlàyé yẹn ti fi ohun tó bá wá hàn.

Èkìtì ló kọ́kọ́ sọ òfin òmìnira ìsọfúnni di ti ìpínlẹ̀ ní 2011, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ti àpapọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ti àpapọ̀ náà mú gbogbo ìpínlẹ̀. Òfin yẹn ṣí àkọsílẹ̀ ìjọba sílẹ̀, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 sì ṣí èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ nípa wa. Iṣẹ́ ìparí ọdún kíláàsì Ẹmùrẹ́ lè jẹ́ lẹ́tà onílà mẹ́ta, ní Yorùbá, sí ilé-iṣẹ́ tó wá ya ààlà oko: kí wọ́n fi ẹ̀dà máàpù oko mi ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n ti fún, bí ààlà tó wà ní ọ̀nà igbó ọba bá yàtọ̀ sí èyí tí èmi àti alábàáàlà mi mọ̀, kí wọ́n wá tún un wọ̀n. Orúkọ á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ẹ̀dà kan á lọ sí ọ́fíìsì àjọ ìdáàbòbò ìsọfúnni ní Àbújá, ọ̀kan á wà lọ́wọ́ tíṣà. Kí òwò kòkó tó gbóná ní oṣù Kẹwàá ló yẹ kí lẹ́tà náà ti jáde, kí èsì lè dé kí oníkòkó tó gbé àpò rẹ̀ sórí ìwọ̀n.